Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Pe Ìrun fún Fíìmù, Tí Gbogbo Àdúgbò Sì Ṣínu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ròyìn ìtìjú mi kí ẹlòmíì tó bá mi ròyìn rẹ̀. Ọkọ mi ti ní bí mi ò bá tètè kọ ọ́, òun yóò kọ ọ́, òun yóò sì bù mọ́ ọn! Kí ẹ tó gbọ́ àbùmọ́, ẹ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi Rùkáyà ni mo fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé olùkọ́ ilé-kéwú ni mí, nítòsí Dọ́pẹmu. Ẹ sì mọ ìjà tó wà láàárín èmi àti fíìmù. Àbí ta ni kò tíì gbọ́ ariwo mi? Bí àáfà bá ti wọ inú fíìmù, ẹ ti mọ̀ pé yóò tẹ yanrìn, yóò tan ìyàwó oníyàwó jẹ, yóò sì sá lọ. Bí obìnrin bá lo híjáàbù, àfi bí ó bá fẹ́ fi bo ọmọ tó jí gbé mọ́lẹ̀. Ìrun tí wọ́n ń kí níbẹ̀ ńkọ́? Mo ti rí òṣèré tó forí kanlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí èyí tó sálámà sí apá òsì kó tó kan ọ̀tún. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó gbé fóònù lórí ẹní ìkírun, ó ní, "Hẹlóò, mò ń kírun!"

Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń kọ sórí Wásáàpù àwa tí a jọ jáde nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títí di ọjọ́ tí Fúnkẹ́ dá mi lóhùn.

Fúnkẹ́ jẹ́ ọmọ Èkìtì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í fi ìsìn ọjọ́ Àìkú ṣeré. Bẹ́ńṣì kan náà ni èmi àti ẹ̀ jọ jókòó lé fún ọdún mẹ́fà. Òun náà ló wá di ẹni tó ń darí fíìmù báyìí, ó ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìkẹjà. Ó kọ ọ́ sí mi lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé: "Rùkáyà, ó tó gẹ́ẹ́! Dípò kí o máa bú wa láti òkèèrè, wá bá wa tún un ṣe. Mò ń ya fíìmù kan nínú oṣù ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdílé Mùsùlùmí ni. Kò sí yanrìn níbẹ̀, kò sí ọmọ jíjí. Ṣé wàá wá ni, àbí wàá ṣì máa pariwo?"

Háà! Ẹni tó ń sọ pé ọbẹ̀ ò dùn, wọ́n mà ti ki ìgbakọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe? Mo lọ.

Ìtàn náà dùn mọ́ mi láti ọjọ́ kìíní. Bàbá kan ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù nílé iṣẹ́ bisikíìtì ní Ìkẹjà. Ìyàwó kan, ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oṣù ààwẹ̀ sì wọlé. Bí wọ́n ṣe ń jí jẹ sààrì, bí wọ́n ṣe ń ṣínu, bí wọ́n ṣe ń ja ìjà kékeré tí wọ́n sì ń parí rẹ̀, ìyẹn ni gbogbo fíìmù náà. Ẹnikẹ́ni ò di ẹyẹ, ẹnikẹ́ni ò di ológbò. Àwa gan-an ni.

Ọjọ́ kìíní náà ni mo gba orúkọ. Òṣèré tó ń ṣe bàbá ìdílé náà ń ṣe àlùwàlá, ló bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Èmi bá ké "Kọ́ọ̀tì!" Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá kámẹ́rà dúró nìyẹn. Gbogbo wọn dúró. Ẹni tó mú kámẹ́rà wo Fúnkẹ́, Fúnkẹ́ wò mí.

"Rùkáyà, èmi nìkan ni mo ń sọ kọ́ọ̀tì níbí o."

Mo tọrọ àforíjì. Kò pẹ́ rárá, òṣèré yẹn jókòó nínú ìrun, ìka ọwọ́ òsì ló nà dípò ọ̀tún. "Kọ́ọ̀tì!" Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi mọ́. Alhaja Kọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè mí. Mi ò tíì dé Mẹ́kà o (kí Ọlọ́hun gbé mi débẹ̀, ẹ ṣe àmín), ṣùgbọ́n àwọn onífíìmù ti fi mí joyè.

Ó wá ku ìpè ìrun. Fúnkẹ́ fẹ́ kí a gbọ́ ìpè ìrun Màgríbì níbi tí ìdílé náà ti fẹ́ ṣínu. Wọ́n ti wá ọ̀kan sílẹ̀ lórí fóònù, ohùn àwọn ará ilẹ̀ Lárúbáwá. Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀. Agége la wà! Ní Agége, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló mọ ohùn ládàánì tirẹ̀. Fúnkẹ́ ní ó dáa, ta ni kí a lọ bẹ̀?

Mo mọ ẹni náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti dárúkọ rẹ̀. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ni.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Bàbá mi ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ ní Ìkẹjà, nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé, ó ní Ọlọ́hun ti dá gbogbo ọjọ́ òun padà fún òun. Àràárọ̀ ló máa ń gbọ́ rédíò kó lè fi tún aago ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kì í yá, kì í pẹ́. Àwọn ìyá àdúgbò wa kì í wo aago lóṣù ààwẹ̀, ohùn Bàbá ni aago wọn.

Ẹni tí mo fẹ́ kó wá ṣe fíìmù nìyẹn! Bàbá tí kò wo fíìmù mọ́ láti ọjọ́ tó ti rí àáfà kan tó fi tẹ̀súbáà so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dìde lọ́jọ́ yẹn, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì ta aṣọ bò ó bí ẹni bo òkú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní kí n má ṣe tún un sọ. Nígbà tó ṣe, mo ní, "Bàbá, bí àwa tí a mọ̀ ọ́n ṣe kò bá lọ, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò máa ṣe é lọ. Ewúrẹ́ náà ò sì ní tán níbẹ̀ láé."

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó pè mí. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni òun fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi orin sábẹ́ ohùn òun. Òun kò ní lọ pe ìrun ní yàrá ẹnikẹ́ni, àyè òun nínú mọ́ṣáláṣí lòun yóò dúró sí. Ẹ̀kẹta ló le jù: họ́ọ̀nù orí òrùlé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Òun yóò kàn pè é bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọ kéwú ni, kì í ṣe àkókò ìrun, ohùn tí kò bá àkókò mu kò sì gbọdọ̀ dé etí ìta.

Mo ní ta ni yóò pa họ́ọ̀nù náà?

"Ìwọ ni, Rùkáyà. Ìwọ ni ọkàn mi balẹ̀ sí."

Ẹ rántí gbólóhùn yẹn o.

Lèmọ́mù wa fọwọ́ sí i. Inú ọgbà kan tó fara ti mọ́ṣáláṣí la ti fẹ́ ya ibi ìṣínu náà. Ètò wa ni pé kí a ṣe é lẹ́yìn Àlàásárì, kí a sì tètè parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ fíìmù, ṣé ó máa ń bá ètò lọ? Wọ́n ń gbé èyí, wọ́n ń sọ tọ̀hún kalẹ̀. Nígbà tó ku nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí Màgríbì wọlé, ojú ọjọ́ ṣú dùdù bí ẹni pé òjò ń bọ̀. Fúnkẹ́ wo òkè, ó fò sókè. Ó ní ìrọ̀lẹ́ tí òun ń wá nìyí, kí gbogbo èèyàn dúró sáyè wọn, kí n sáré lọ múra Bàbá sílẹ̀!

Mo sáré wọ mọ́ṣáláṣí. Bàbá ti ṣe àlùwàlá, ó ti dúró síwájú máìkì mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti fi máìkì kékeré tirẹ̀ há a láyà. Bàbá kò nílò ti mọ́ṣáláṣí yẹn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ibòmíì tí wọ́n ti ń pe ìrun. Mo lọ wo ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lọ sí họ́ọ̀nù. Iná pupa ara rẹ̀ kò tàn. Mo ní alihamudulilahi, ó ti kú. Bàbá bèèrè, "Ṣé o ti pa á?" Mo ní, "Ó ti kú, Bàbá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí i? Kò sí iná láti òwúrọ̀! A sì ti pa jẹnẹrétọ̀ kí ariwo rẹ̀ má bàa wọ inú fíìmù. Ẹ̀rọ yẹn kò kú rárá. Ó ń sùn ni.

Mo padà sínú ọgbà. Fúnkẹ́ na ọwọ́ sókè. Bàbá fi ìka méjèèjì dí etí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ ládàánì, ó di ojú náà bí àṣà rẹ̀, ó gbé ohùn sókè. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ojú fèrèsé mọ́ṣáláṣí. Ó dùn débi pé omi lé mi lójú. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé, Rùkáyà, o ṣe nǹkan gidi.

Ni gílóòbù ẹnu ọ̀nà bá tàn yòò.

Wọ́n mú iná dé!

Ẹ gbà mí! Ohùn tó ń gba ojú fèrèsé bọ̀ wá di ohùn tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run. Họ́ọ̀nù gbé e, ó rán an lọ sí Dọ́pẹmu, ó rán an gba ọ̀nà Akówọnjọ. Bàbá kò mọ nǹkan kan, ìka wà létí, ojú wà ní dídì. Fúnkẹ́ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé èmi ni mo ṣètò rẹ̀!

Mo la ẹnu kí n ké kọ́ọ̀tì. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò jáde? Èmi Alhaja Kọ́ọ̀tì, tí mo ti dá gbogbo òṣèré dúró láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, mo pa ẹnu dé. Ta ló ń ké kọ́ọ̀tì lé ìpè ìrun lórí? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi dá orúkọ Ọlọ́hun dúró?

Mo bẹ́ sáré. Bàtà mi kan kù sọ́gbà. Bí mo ṣe ń sáré lọ ni mo ń gbọ́ ọ láti ojúlé dé ojúlé: "Bìsìmílláì!" "Bìsìmílláì!" Mo ń gbọ́ ṣíbí nínú abọ́. Mo wẹ̀yìn, mo rí òṣèré wa, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ní tòótọ́, ó ti gbé omi mu kanlẹ̀!

Nígbà tí ọwọ́ mi fi máa kan ẹ̀rọ náà, Bàbá ti parí. Ó yọ ìka létí, ó lajú, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ṣé ó dáa báyẹn?"



Ìyá Sikírù ló bá mi dá a lóhùn láti ìta. Ìyá Sikírù, ẹni tó ń rán aṣọ ilé ìwé ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́. Abọ́ ògì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

"Bàbá Ládàánì! Bàbá Ládàánì o! Fóònù mi ní Màgríbì kò tíì tó. Mo ti mu ògì tán, mo ti jẹ mọ́sà mẹ́rin lé e! Èwo ló ń parọ́ nínú yín, fóònù ni àbí ẹ̀yin?"

Ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ní òun náà wo fóònù, òun ní fóònù ti bàjẹ́, òun yóò gbé e lọ Kọ̀mpútà Fílẹ́ẹ̀jì lọ́la kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó gbà pé fóònù lè bàjẹ́. Pé Bàbá lè ṣì í, kò wọ inú rẹ̀ rárá.

Bàbá yíjú sí mi. "Rùkáyà, ṣé họ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, èmi ni, iná ló tàn mí jẹ. Kò bú mi. Ì bá tilẹ̀ bú mi! Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi sápò, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ wọn kí wọ́n má wo aago."

Nígbà tí Màgríbì wọlé ní tòótọ́, ẹlòmíì ló pe ìrun. Ọlọ́hun yóò san án lẹ́san, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ wálé ló ṣe pè é.

Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù dìde. Ó ní kí ẹni tó ti ṣínu kí àkókò tó tó na ọwọ́ sókè. Ojú ń ti àwọn èèyàn. Ọwọ́ kan, ọwọ́ méjì. Lèmọ́mù wò yíká, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, òun náà bá na ọwọ́ tirẹ̀ sókè!

"Dàbínò méjì," ló wí. "Mo sì ti ń wá ẹ̀kẹta."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín! Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí olú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin àti lẹ́yìn aṣọ níbi tí àwa obìnrin wà. Lèmọ́mù ṣàlàyé pé ẹni tó ṣèèṣì kò dẹ́ṣẹ̀, ààwẹ̀ ọjọ́ kan ni kí olúkúlùkù san lẹ́yìn ọdún, ó parí. Ó wá fi ìbéèrè kan kún un tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Ta ni nínú wa tó jẹ́ pé bí ó bá sọ̀rọ̀, àdúgbò yóò gbà á gbọ́ ju aago ọwọ́ ara wọn lọ? Ṣé ẹ̀bi lẹ fẹ́ pe ìyẹn?"

Gbogbo èèyàn ni kò pè é lẹ́bi. Bàbá mi nìkan ló kù.

Kò pe ìrun mọ́. Gbogbo ọjọ́ tó kù nínú ààwẹ̀, yóò wá, yóò jókòó sí kọ̀rọ̀, yóò kírun, yóò lọ. Lèmọ́mù bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá ní òun mọ̀ pé wọ́n ti dárí ji òun, ṣùgbọ́n bí òun bá ti súnmọ́ máìkì yẹn, ọ̀fun òun ń gbẹ. Fúnkẹ́ wá, ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀ bí ọmọ Èkìtì tòótọ́, ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ní kí n má ṣe fíìmù yìí mọ́, mo máa dá a dúró." Bàbá ní kó máa ṣe fíìmù rẹ̀, ó dáa. Ọdún ìtúnu dé, a jẹ, a mu, mi ò mọ adùn rẹ̀. Mo jí ní Àsùbáà, mi ò gbọ́ ohùn tó tọ́ mi dàgbà. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Ṣé ẹ mọ bí ìyẹn ti rí?

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ọdún, Ìyá Sikírù yọ sí mi ní kíláàsì pẹ̀lú okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Ó ní, "Rùkáyà, ìwọ tí o dá ọ̀ràn, dìde! Àlàmísì tó ń bọ̀ ni gbogbo wa fẹ́ san ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn pa pọ̀. A ò sì ní ṣínu àfi bí Bàbá rẹ bá pe ìrun. Ohùn tó já ààwẹ̀ wa ni kó wá so ó."

Mo ní bí Bàbá bá kọ̀ ńkọ́?

"Kó kọ̀! Ebi yóò máa pa wá lójú rẹ̀."

Nígbà tí Fúnkẹ́ gbọ́, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé kámẹ́rà wá. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní onífíìmù tó bá fẹ́ dúró láàárín àwọn gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ náà. Fúnkẹ́ ní kí ni ìyẹn, òun máa ń gba ààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó mú kámẹ́rà ni mo káàánú. Ọmọ Oǹdó ni, ó sanra, kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Alhaja Kọ́ọ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, omi ńkọ́? Ṣé omi náà wà nínú ẹ̀?"

Mo ní omi náà wà nínú ẹ̀.

"Ṣingọ́ọ̀mù ńkọ́?"

Àlàmísì dé. Ní ìrọ̀lẹ́, a tẹ́ ẹní síwájú mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó mú mọ́sà wá wà níbẹ̀, ẹni tó mú búrẹ́dì Agége gbígbóná wá wà níbẹ̀. Òṣèré wa àti ìdílé rẹ̀ inú fíìmù jókòó sáàárín wa. Bàbá wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Olúkúlùkù mú dàbínò kan dání.

Àkókò tó. A gbọ́ mọ́ṣáláṣí tó wà lọ́nà Dọ́pẹmu. A gbọ́ èyí tó wà lẹ́bàá ojú irin. Bàbá gbé dàbínò rẹ̀, ó wò yíká. Ẹnikẹ́ni kò jẹun. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

"Kí lẹ ń dúró dè?"

"Ẹ̀yin ni," Ìyá Sikírù dáhùn. "Ẹ sì yára o, Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í fi ìṣínu falẹ̀."

Bàbá wo Lèmọ́mù. Lèmọ́mù ń wo dàbínò tirẹ̀. Bàbá tún wo ọmọ Oǹdó tó di kámẹ́rà mú lọ́wọ́ kan, tó gbé dàbínò sí igun ẹnu, tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Mo rò pé ojú ọkùnrin yẹn ló ṣẹ́ Bàbá mi.

"Aago mélòó ló lù?" ló bèèrè. Gbogbo fóònù àdúgbò lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà! Bàbá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó wo ojú ọ̀run dáadáa. Ó wá yíjú sí mi.

"Họ́ọ̀nù ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ẹ wo ẹ̀rín! Ẹnu kan kò kù tí kò ṣí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ aago rẹ̀, ó fi í sọ́wọ́, ó dìde, ó lọ sídìí máìkì rẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó pe Allahu Akbar àkọ́kọ́, mo rí àwọn àgbà tí wọ́n gbàgbé dàbínò sẹ́nu láìjẹ ẹ́, tí wọ́n kàn ń gbọ́. Mo wo Fúnkẹ́, ẹkún ló ń sun. Kò rántí sọ kọ́ọ̀tì. Kámẹ́rà ń lọ títí ọmọ Oǹdó fi gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tó dojú kọ omi.

Ibi ìṣínu tí a kọ́kọ́ yà, Fúnkẹ́ gbé e sọnù. Èyí ló fi síbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, a wò ó ní gbọ̀ngàn ilé-kéwú wa, lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àyìlà. Bàbá jókòó síwájú, fíìmù àkọ́kọ́ tó máa wò láti ọjọ́ ewúrẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ohùn Bàbá jáde láti ojú tẹlifíṣọ̀n, Ìyá Sikírù, tó ń jẹ ẹ̀pà, dá ọwọ́ dúró lẹ́nu.

"Ẹ dúró ná," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n wo aago!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó tán, ó rọra fà mí mọ́ra. Ó ní òun fetí sílẹ̀ dáadáa, wọn kò fi orin sábẹ́ ohùn òun. Ó gbé fìlà rẹ̀ padà sórí.

"Kò sì sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun Ọba. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bínú pé àwọn onífíìmù kò mọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣílẹ̀kùn fún wọn rí kí wọ́n wọlé wá wò wá. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, kì í ṣe ìka tí mo ń tọ́ sọ́nà ló hàn jù nínú fíìmù náà. Àwọn èèyàn tó mú dàbínò dání tí wọ́n kọ̀ láti jẹ ẹ́ nítorí ọkàn arúgbó kan ló hàn. Ìyẹn náà, ẹ̀sìn wa ni.

Ó kàn yín wàyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù tó ṣi ẹ̀sìn yín tàbí ìlú yín hàn, kí lẹ ṣe sí i? Ẹ̀yin tí àṣìṣe yín ti kó gbogbo àdúgbò sí wàhálà rí, ṣé ẹ máa dá mi dá ìtìjú yìí ni? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo ń kà á, mo sì ń dáhùn.

Bí ẹ bá sì ń ka èyí lóṣù ààwẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tilẹ̀ gbọ́ ohùn Bàbá mi, ẹ kọ́kọ́ wo aago.